Ọkọ̀ Ojú-irin Akẹ́rù Àtijọ́ àti Àwòṣe Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ fún Onítàn

 

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú-irin kéékèèké, irú èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ohun ìṣeré ọmọdé, ni mo fẹ́ sọ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹ̀rín ni àwọn kan fi dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ béèrè bóyá ara mi le. N kò bínú sí i. Àgbàlagbà tí ó bá jókòó ti ohun ìṣeré gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀ fún ayé. Ìdí náà ni mo wá sọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé wa. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí ẹrù ṣe rìn lórí irin ní ayé ọkọ̀ eléèédú, kí ó gbìyànjú láti tún ìrìn náà rìn ní kékeré. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti há ni ìwé ìtàn ti dákẹ́. Ibẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí ó ti dìde lọ bi àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà léèrè, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.

1. Ohun tí ìwé sọ àti ohun tí kò sọ

Bí a bá gbà pé ọdún àti orúkọ ìlú ni ìtàn, ìtàn rélùwéè ilẹ̀ wa kò ṣòro láti kà. Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Irin náà gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Ní òkè lọ́hùn-ún, wọ́n tẹ́ irin mìíràn láti Bàrò lọ sí Kánò, èyí tí ó dé Kánò ní 1911. Ní 1912 ni wọ́n fi ìṣàkóso irin méjèèjì sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní 1916 ni wọ́n parí afárá Jẹ́bà, tí ọkọ̀ sì ń gba orí odò kọjá tààrà. Ní ọdún 1916 kan náà ni irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Port Harcourt dé Enúgu, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú ilẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín ojú irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6, èyí tí í ṣe mílímítà 1,067.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ju èyí lọ yóò rí ìwé kà. Francis Jaekel, tí òun fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè náà, kọ ìtàn rẹ̀ ní ìdìpọ̀ mẹ́ta, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997. Ìròyìn ọdọọdún àwọn aláṣẹ wà. Àkọsílẹ̀ ẹrù tí ó gba èbúté jáde wà. Fọ́tò náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo fọ́tò wọ̀nyí dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tuntun, àwọn aláṣẹ tí wọ́n wọ aṣọ oyè, ọkọ̀ èrò, afárá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí: àwọn wọ̀nyí ni ayàwòrán sábà máa ń dojú ẹ̀rọ rẹ̀ kọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kò ní ayẹyẹ. Òru ni ó sábà ń kọjá, ẹnikẹ́ni kì í sì í gé rìbọ́ọ̀nù fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ni wọ́n torí rẹ̀ tẹ́ irin náà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ìwé sọ iye tọ́ọ̀nù kòkó tàbí ẹ̀pà tí ó dé èbúté. Kò sọ bí wọ́n ṣe to wágọ́nù, ẹni tí ó tò ó, ìdí tí èyí fi ṣáájú tí tọ̀hún fi tẹ̀lé e, àti ohun tí wágọ́nù náà gbé nígbà tí ó ń padà lọ. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kéré lójú. Mo fẹ́ fi hàn pé wọn kò kéré.

2. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọkọ̀ èrò dà bí ẹbí tí ó jọ ń lọ sí òde ìyàwó: ibì kan náà ni gbogbo wọn ti gbéra, wọ́n sì mọ ara wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù dà bí ọjà. Wágọ́nù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹni tí ó rán an, ẹni tí yóò gbà á, ìwé tí ó ń tẹ̀lé e, àti ibi tí yóò ti bọ́ sílẹ̀. Lónìí wọ́n jọ so mọ́ ara wọn. Ní ọ̀la ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò wà. Ohun tí ojú ń rí pé ó jẹ́ ọkọ̀ kan jẹ́ àpéjọ ìrìn àjò ọgbọ̀n tàbí ogójì.

Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Omi ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò irin ńlá rẹ̀. Ooru omi náà ni ó ń ti ọ̀pá irin tí ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Awakọ̀ ń ṣọ́ ọ̀nà, fáyámánù ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná. Níwọ̀n bí omi ti ń tán, ọkọ̀ kò lè lọ jìnnà kí ó má dúró mu omi; nítorí náà ni àgbá omi gíga fi wà ní àwọn téṣàn kan. Ẹ́ńjìnnì lè fa ẹrù púpọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó ń pinnu ẹrù. Òkè tí ó le jù lójú ọ̀nà ni ó ń pinnu rẹ̀. Bí òkè kan bá wà tí ẹ́ńjìnnì kò lè gbé ju ìwọ̀n kan lọ gun, ìwọ̀n yẹn ni wọn yóò fi gbéra láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹ́ńjìnnì kejì bá wà níbẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́.

Ní ojú irin ẹyọ kan, irú èyí tí ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, ọkọ̀ tí ó ń lọ àti èyí tí ó ń bọ̀ kò lè pàdé àfi ní téṣàn, níbi tí irin gbé yà sí méjì. Ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fún awakọ̀ ní àmì àṣẹ kan ní ọwọ́. Bí kò bá gbà á, kò gbọdọ̀ wọ ojú irin tí ó kàn. Ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ tí ó gbé lẹ́tà ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ṣáájú. Akẹ́rù a máa yà sí ẹ̀gbẹ́, a máa dúró.

Ẹ̀yìn pátápátá ni gáàdì wà, nínú wágọ́nù tirẹ̀. Ìwé gbogbo ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ó ni fìtílà pupa tí ó wà ní ìrù ọkọ̀. Fìtílà yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ọkọ̀ bá kọjá ní téṣàn tí a kò rí fìtílà ní ìrù rẹ̀, ó lè jẹ́ pé apá kan ti já sílẹ̀ lọ́nà. Òṣìṣẹ́ téṣàn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn wọ ojú irin náà títí tí wọn yóò fi mọ òtítọ́.

3. Àwọn tí ó ń ṣe àwòṣe

Ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ àwòṣe yìí ti gbilẹ̀ ní ìgbà pípẹ́. Ní 1910 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùṣe àwòṣe rélùwéè sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1920 ni ilé-iṣẹ́ Frank Hornby bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ojú-irin tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ yí. Ní 1938 ó gbé èyí tí ó kéré sí i jáde, tí ó lè gba orí tábìlì ilé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ó wu ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ́ńjìnnì dídán àti ọkọ̀ èrò tí ó ń sáré yí po. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn kan nínú wọn rí i pé ọkọ̀ tí ó kàn ń yí po kò lọ sí ibì kankan. Ní Amẹ́ríkà, Frank Ellison, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ eré orí ìtàgé, sọ ní àwọn ọdún 1940 pé ojú irin ni ìtàgé, ọkọ̀ ni òṣèré, àti pé ìwé àkókò ni ìtàn tí wọ́n ń ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Peter Denny fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹ̀ka irin kékeré tí ó pè ní Buckingham, tí ó sì ń fi ìwé àkókò darí gbogbo ìrìn rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wágọ́nù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Wọ́n á kọ ibi tí ó ti ń bọ̀, ohun tí ó gbé àti ibi tí ó ń lọ sí orí káàdì náà. Ẹni tí ó bá ń to ọkọ̀ yóò ka káàdì, yóò sì ṣe ohun tí ó wí.

Ibẹ̀ ni eré ti di ìwádìí. Ẹni tí ó fẹ́ kọ káàdì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń rán jáde àti ohun tí ó ń gbà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba rélùwéè wọn sí ọwọ́ ara rẹ̀ ní 1948, wágọ́nù ẹrù tí ó wà lórí irin ju mílíọ̀nù kan lọ. Síbẹ̀, bí olùṣe àwòṣe bá fẹ́ mọ irú wágọ́nù tí ó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù lásán kan, ó ní láti wo ẹ̀yìn fọ́tò ọkọ̀ èrò, kí ó máa ka àwọn wágọ́nù tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, èyí tí ayàwòrán kò ní lọ́kàn láti yà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nípa ìtàn. Akọ̀wé báńkì ni wọ́n, tàbí olùkọ́, tàbí mọkáníìkì. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bi ẹ̀rí léèrè bí ó ti yẹ kí onítàn máa bi í.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé àṣà fífi ohun kékeré pa ìṣe ènìyàn mọ́ ṣe àjèjì sí wa. Ní àwọn ọdún 1930, Justus Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ère kéékèèké tí ó fi iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ènìyàn hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró ti odó tàbí bí wọ́n ṣe ń di ẹrù nígbà náà lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú irú ère bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé tiwa náà ń fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò, wọ́n ń fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ọmọ tí ó lè fi agolo ṣe mọ́tò akẹ́rù tí kò ní kọ́kọ́ wo mọ́tò akẹ́rù fínnífínní.

4. Ìkóríta irin mi

Èmi fúnra mi, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí. Iṣẹ́ bàbá mi ni láti máa yí irin padà ní ìyanà, kí wágọ́nù lè gba ọ̀nà tí ó yẹ. Kò kọ ìwé kankan sílẹ̀ kí ó tó kú, n kò sì bi í léèrè ohun tí ó pọ̀. Nígbà tí mo di olùkọ́ ìtàn, mo mọ orúkọ gbogbo gómìnà Èkó, ṣùgbọ́n n kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ tí bàbá mi fi rán mi lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀dùn ọkàn yìí ni ó sún mi dé ìdí àwòṣe.

Mo pinnu láti kọ́ ìkóríta irin kékeré kan, irú ti Ìfọ̀, níbi tí ẹ̀ka irin gbé yà kúrò lójú ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ìláró àti Ìdógò. Àwọn irin kékeré tí wọ́n ń tà fún àwòṣe ní ilẹ̀ òkèèrè, mílímítà 16.5 ni àlàfo èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá fi 64 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí mílímítà 1,056, èyí tí ó fi mílímítà 11 péré dín sí irin tiwa gan-an. Àwọn ará New Zealand àti àwọn ará Queensland ní Australia, tí irin tiwọn náà fẹ̀ tó tiwa, ti ń lo ọgbọ́n yìí. Nítorí náà, ohun gbogbo ni mo sọ di ìdá kan nínú 64. Ènìyàn tí ó ga ní mítà 1.75 di mílímítà 27, gígùn ìka ọmọdé. Irin ni mo rà. Páálí àti agolo ni mo fi ṣe èyí tí ó kù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Láti Èkó dé Kánò jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 1,126. Bí mo bá ní kí n tẹ́ gbogbo rẹ̀, kìlómítà 17 ààbọ̀ ni n ó nílò. Tábìlì ni mo ní. Nítorí náà ni mo fi fara mọ́ ìkóríta kan, kí n lè mọ ọ̀kan dájú.

Nígbà tí mo parí, mo to ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́. Mo wá pe bàbá àgbàlagbà kan, ẹni tí ó ti ṣe gáàdì ọkọ̀ akẹ́rù kí ó tó fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ni wọ́n wí, “ta ni ó to ọkọ̀ yìí?”

Mo ní, “Èmi ni, Bàbá.”

Wọ́n ní, “Bí ó bá jẹ́ èmi ni gáàdì rẹ̀, n kò ní fi ìwé sí i lọ́wọ́. Kò ní jáde.”

Wọ́n fa àga sún mọ́ tábìlì. Wọ́n mú wágọ́nù màlúù tí mo fi sí ìrù, wọ́n gbé e sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní màlúù kì í ṣe àpò ìrẹsì. Bí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tí ó ń dúró, ìrù ni ó ń jà jù, ẹran a sì máa ṣubú. Wọ́n mú èyí tí mo fi gbé epo bẹntiróòlù, tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e jìnnà sí ẹ̀ta iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá nawọ́ sí wágọ́nù tí káàdì rẹ̀ sọ pé téṣàn tí ó kàn ni yóò ti bọ́ sílẹ̀, èyí tí mo fi sí àárín. Wọ́n bi mí pé, “Bí ìyá rẹ bá ń di ẹrù ọjà, ṣé ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ tà ni wọ́n ń fi sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n?”

N kò lè fèsì. Ní wákàtí kan, mo ti kọ́ ohun tí n kò rí nínú ìwé tí mo fi ọdún púpọ̀ kà. Kì í ṣe pé àwòṣe mi ni ó kọ́ mi. Àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó mú kí bàbá náà sọ̀rọ̀. Mo ti bi wọ́n léèrè rí, ní ẹnu lásán, pé kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ wọn ti rí. Ohun tí wọ́n sọ nígbà náà ni pé, “Iṣẹ́ le, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.” Ìbéèrè gbogboogbò ni mo bi wọ́n, ìdáhùn gbogboogbò ni mo gbà. Ìgbà tí wọ́n rí wágọ́nù tí ó wà ní ipò tí kò yẹ, ọwọ́ wọn kò lè gbà á. Ọ̀rọ̀ sì tẹ̀lé ọwọ́.

5. Níbo ni obì wà?

Ẹ̀kọ́ kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti kọ káàdì wágọ́nù mi, àkọsílẹ̀ ẹrù tí ó gba èbúté jáde lọ sí òkè òkun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Kòkó wà níbẹ̀, ẹkùrọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀pà láti Kánò wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fi káàdì wọ̀nyí darí ọkọ̀, wágọ́nù tí ó ń lọ sí Èkó kún fọ́fọ́. Èyí tí ó ń padà lọ sí òkè gbé iyọ̀ díẹ̀, aṣọ díẹ̀, sìmẹ́ńtì díẹ̀. Òfìfo ni ó pọ̀ jù. Mo rò pé mo ti rí òtítọ́ ńlá kan: pé irin náà kò ju ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa ọrọ̀ ilẹ̀ wa mu lọ. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá náà jókòó wò mí bí mo ṣe ń kó òfìfo kọjá ní ìkóríta mi. Wọ́n ní, “Níbo ni obì wà?”

Obì kò sí nínú ìwé tí mo kà, nítorí pé obì náà kò wọ ọkọ̀ òkun. Èèyàn wa ni ó gbìn ín, èèyàn wa ni ó rà á, ilẹ̀ wa ni wọ́n sì ti jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Gbàǹja tí àwọn Haúsá fẹ́ràn, láti ilẹ̀ Aṣáńtì ni àwọn oníṣòwò wọn ti ń gbé e wá láyé àtijọ́, orúkọ Gonja tí ó wà lójú ọ̀nà náà ni ó sì bí orúkọ gbàǹja. Nígbà tí irin so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òkun gbé obì láti Gold Coast wá sí Èkó, kí rélùwéè tó gbé e lọ sí òkè. Àwọn àgbẹ̀ Agége àti agbègbè Abẹ́òkúta rí ọjà yìí, wọ́n sì gbin gbàǹja tiwọn. Láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1930 àti lẹ́yìn rẹ̀, obì tí a gbìn ní ilẹ̀ Yorùbá gba ipò èyí tí ó ń ti òkè òkun wá. Àwọn tí ó ń rà á, tí ó ń dì í, tí ó sì ń rán an lọ ní àwùjọ tiwọn ní Sábó ní Ìbàdàn. Ìwé tí Abner Cohen kọ ní 1969 ṣàlàyé bí wọ́n ṣe so òwò obì tí ó ń lọ sí òkè pọ̀ mọ́ òwò màlúù tí ó ń bọ̀ ní ìsàlẹ̀.

Obì kì í ṣe èédú. Inú agbọ̀n ńlá ni wọ́n ń dì í sí, ewé tútù ni wọ́n ń fi wé e. Bí ó bá gbẹ, ó ti bàjẹ́. Bí ooru bá mú un, ó ti bàjẹ́. Nítorí náà, ìgbà tí wágọ́nù obì fi dúró ní ìkóríta kì í ṣe ọ̀ràn kékeré fún ẹni tí ó ni ín. Ipò tí wágọ́nù wà nínú ọkọ̀, téṣàn tí wọn yóò ti yọ ọ́, ọkọ̀ tí wọn yóò so ó mọ́: ọ̀rọ̀ èrè àti àdánù ni gbogbo rẹ̀. Bí mo ti kọ káàdì obì sínú àpótí mi, ọkọ̀ tí ó ń lọ sí òkè yí padà. Òfìfo dín kù. Ìtàn tí mo fẹ́ kọ náà sì yí padà.

N kò sọ pé àwọn amúnisìn torí obì tẹ́ irin. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹrù èbúté ni wọ́n ní lọ́kàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ènìyàn wa rí irin tí a kò torí wọn tẹ́, wọ́n sì fi òwò tiwọn gùn ún. Onítàn tí ó bá ka àkọsílẹ̀ èbúté nìkan yóò sọ pé olùfaradà lásán ni wá. Ó ti fi ìwé amúnisìn bú amúnisìn, ṣùgbọ́n ó ti fi ìwé kan náà gbàgbé àwọn ìyá àti bàbá tirẹ̀.

6. Ọ̀rọ̀ wágọ́nù tí ó pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan kún un. Ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn àwọn 1940, òkìtì àpò ẹ̀pà ní Kánò di ohun ìyanu. Àwọn ènìyàn ń fi fọ́tò rẹ̀ yangàn títí di òní gẹ́gẹ́ bí àmì ọrọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ìdí kan tí òkìtì náà fi ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì àti wágọ́nù kò tó láti gbé ẹ̀pà lọ sí èbúté, nítorí ogun 1939 sí 1945 ti mú kí ohun èlò wọ́n.

Ẹni tí ó bá ti darí àwòṣe yóò tètè lóye èyí. Ká ní wágọ́nù 100 ni a ní. Bí wágọ́nù kọ̀ọ̀kan bá ń lo ọjọ́ 20 láti lọ, láti já ẹrù, àti láti padà, yóò rin ìrìn 18 lọ́dún. Gbogbo wọn yóò gbé ẹrù 1,800. Bí ọjọ́ náà bá di 30, ìrìn 12 ni yóò rìn. Ẹrù 1,200 ni wọn yóò gbé. Wágọ́nù kan kò bàjẹ́, irin kan kò já, síbẹ̀ ìdá mẹ́ta ẹrù ti dín ní ìdá kan. Ibo ni ó lọ? Ó wà ní ẹ̀gbẹ́ irin, níbi tí wágọ́nù ti ń dúró de ẹni tí yóò tò ó, de ẹ́ńjìnnì tí yóò fà á, de ọkọ̀ èrò tí yóò kọ́kọ́ kọjá.

Nítorí náà ni iṣẹ́ ẹni tí ó ń yí irin padà ní ìkóríta fi jẹ́ iṣẹ́ ọrọ̀ ajé gbogbo ilẹ̀ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò ọdún 1945 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà, nítorí owó oúnjẹ tí ogun ti gbé ga, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, wà ní iwájú. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ó tó parí. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń to ọkọ̀ akẹ́rù lè rò pé ariwo ẹnu ni agbára wọn. Agbára wọn wà ní ọwọ́ wọn.

7. Ààlà àwòṣe

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun tí àwòṣe kò lè ṣe. Kò lè fi ooru iná ẹ́ńjìnnì hàn. Kò lè fi hàn bí òjò ṣe ń pa ẹni tí ó dúró ní ìyanà irin ní òru. Ọkùnrin mílímítà 27 tí mo fi sí ìkóríta mi kì í rẹ̀, ebi kì í pa á, ìka rẹ̀ kì í há sáàárín irin. Bí a bá gbàgbé èyí, eré lásán ni a ń ṣe, a sì ń fi ìyà ẹlòmíràn ṣeré. Àwòṣe kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Olùbéèrè ni. Iye rẹ̀ wà nínú ìbéèrè tí ó mú wa bi àwọn ẹlẹ́rìí.

Àkókò sì ń lọ. Láti àwọn ọdún 1950 ni ẹ́ńjìnnì dísù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì eléèédú. Ní ọdún 2021 ni wọ́n ṣí irin tuntun tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ láti Èkó dé Ìbàdàn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ eléèédú kò pọ̀ mọ́, àwọn tí ó kù sì ti di arúgbó.

Nítorí náà, mo fi ohun mẹ́ta bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní, bí òṣìṣẹ́ rélùwéè bá wà ní ìdílé yín, ẹ má ṣe bi í pé báwo ni iṣẹ́ ti rí. Ẹ gbé ohun kan sí iwájú rẹ̀, ìbáà ṣe páálí ìṣáná mẹ́wàá tí ẹ tò ní ìlà, kí ẹ bi í pé èwo ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìwé ẹrù àtijọ́ dáná tàbí kí wọ́n fi pọ́n ẹ̀pà. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ka ẹrù tí ó jáde lọ́wọ́ wa nìkan; ẹ ka èyí tí a fi ránṣẹ́ sí ara wa pẹ̀lú.

Bàbá gáàdì tí mo sọ̀rọ̀ wọn ti lọ sí ilé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ káàdì mi kọ. Mo ń lò wọ́n títí di òní. Nígbà tí mo bá mú káàdì kan, tí mo rí i pé wọ́n ti pa “òfìfo” rẹ́, tí wọ́n kọ “obì, Kánò” sí i, mo mọ̀ pé ìwé ìtàn ni mo mú lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bàbá tí ó bí mi, ǹ bá mọ̀ ju bí mo ti mọ̀ lọ.